"Tú" ni àbí "gbọ́"? Ọ̀rọ̀ ajá ọlọ́pàá tó ń wá òògùn olóró

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ látìgbà tí àbúrò wa lọ́yà ti béèrè pé kí la máa pe ajá táwọn ọlọ́pàá fi ń wá òògùn olóró láàárín èrò, tó tún ní ká bá òun wá Yorùbá tó bá a mu torí òun fẹ́ kọ nǹkan lórí bóyá ó bófin mu. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà n'Íléṣà ní ká kọ ọ́ pé "ajá ọlọ́pàá tú ara àwọn èrò mọ́tò wò", gbogbo yín sì ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èmi ò fara mọ́ ọn. Kì í ṣe pé Yorùbá ẹ̀ ò dáa o, ẹjọ́ lẹ ti dá kí wọ́n tó pe ẹlẹ́rìí.

Torí ohun táwọn lọ́yà ń jà lé lórí gan-an nìyẹn: ṣé ajá yẹn tú èèyàn ni àbí kò tú u? Lọ́dún 1983 ilé ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà sọ pé tí ajá bá gbóòórùn ẹrù èèyàn ní pápákọ̀ òfúrufú, ìyẹn ò tíì di títú, wọ́n tún sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2005 nípa mọ́tò tí ọlọ́pàá dá dúró lójú títì. Kánádà ní rárá. Lọ́dún 2008, lórí ẹjọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n mú ajá lọ bá ní gáréèjì bọ́ọ̀sì ní Calgary, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sọ pé títú ni, àti pé tí ọlọ́pàá ò bá ti ní ìfura tó nídìí, wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ajá ṣe é. Imú kan náà, ajá kan náà! Ẹni tó bá kọ "tú" ti bá Kánádà lọ nìyẹn, ẹni tó bá kọ "ó kàn gbóòórùn ni" ti bá Amẹ́ríkà lọ, kò sì tíì mọ̀.

Ohun tó là mí lójú ni nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lójú mi nígbà tí mò ń ti Iléṣà bọ̀ wá sí Ifẹ̀. A ò tíì fi bẹ́ẹ̀ kọjá Ọ̀ṣú, ẹnì kan tó wọ yúnífọ́ọ̀mù dá wa dúró, ó ki orí bọ fèrèsé, ó fa imú fìì, ó ní òun ń gbóòórùn igbó, kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀. Irú ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ màmá kan o, irú woro tó ti gbó dáadáa. Màmá ò sọ̀, ó wò ó lójú, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé òórùn ló wá bá ẹ ni, àbí ìwọ lo fimú wá a wá?" Gbogbo mọ́tò rẹ́rìn-ín, èmi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ wò ó, Yorùbá kì í mú òórùn, a máa ń GBỌ́ ọ ni, bí a ṣe ń gbọ́ ariwo. Ohun tí èèyàn gbọ́, kò dìde lọ gbé e, ó wá bá a níbi tó wà ni. Ìyẹn sún mọ́ àlàyé Amẹ́ríkà, pé ajá ò ṣí báàgì ẹnikẹ́ni. Àmọ́ a tún ní "fimú fínlẹ̀", ìyẹn ò sì jọ gbọ́ rárá torí ẹni tó ń fimú fínlẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló ń wá a kiri. Ẹjọ́ kan wà l'Ọsirélíà tó bọ́ sáàárín méjèèjì, ajá tó ń jẹ́ Rocky ló fà á ní Sydney lọ́dún 2001, ó gbóòórùn lára ọkùnrin kan, ó wá ń fi imú ti àpò ṣòkòtò ẹ̀. Nígbà tó dé kóòtù kòtẹ́milọ́rùn lọ́dún 2004, àwọn adájọ́ ò fẹnu kò, àwọn tó pọ̀ jù ló ní kì í ṣe títú. Tèmi ni pé ibi tí imú ti kan aṣọ, gbígbọ́ ti tán níbẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Florida, tí wọ́n dá lọ́dún 2013. Ọlọ́pàá mú ajá Franky (ajá wọn máa ń lórúkọ nínú ìwé ẹjọ́, ẹ gbà mí) lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé onílé, ó gbóòórùn igbó. Lọ́tẹ̀ yìí, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní ilé ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà yẹn kan náà ní títú ni, torí àlejò lè wá kanlẹ̀kùn kó dúró díẹ̀ kó sì lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kó mú ajá wá fimú fínlẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀ ẹni. Àwa ti ní ọ̀rọ̀ ẹ̀ tipẹ́: wọn ò kágò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé kọ "ajá rí òògùn" náà. Ajá kàn jókòó ni tó bá gbóòórùn. Nígbà tí ọ́fíìsì Ombudsman (àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí iṣẹ́ ìjọba) ní ìpínlẹ̀ New South Wales l'Ọsirélíà yẹ iṣẹ́ àwọn ajá yìí wò lọ́dún 2006, nínú èèyàn 100 tí ajá tọ́ka sí, bíi 26 péré ni wọ́n bá òògùn lára wọn. "Ajá júwe ẹ̀" ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹnì kan ti dábàá "ajá fura", mo ní ìfura lòògùn àgbà, wọn ò sọ pé òògùn ajá. Òfin ọlọ́pàá wa ti 2020 sì ní ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ ní ìfura tó nídìí kó tó tú èèyàn, abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí ara ẹni àti ilé ẹni, kò sí ajá nínú ẹ̀.

Ní ti orúkọ, "ajá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́" ò lè ṣiṣẹ́, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ máa ń fara pamọ́, èyí ń mí hẹ̀hẹ̀ lójú ọjà. "Ajá agbóòórùn-òògùn" burú sí i, ẹ pè é ní Òkè Mògún, ojúbọ Ògún n'Ífẹ̀ níbí, kẹ́ ẹ wò ó, wọ́n á ní ajá tó ń mọ ẹni tó so oǹdè mọ́ra ni (àwọn yòókù á sì bi yín pé Ògún ò tíì jẹ ẹ́ ni?). "Ajá afimúfínlẹ̀" lèmi mú, kó má bàa dà bíi pé òórùn ló wá bá a jẹ́ẹ́jẹ́. Mo mọ̀ pé èmi náà ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan nìyẹn.

Àbúrò lọ́yà, kọ ọ́ báyìí: "ọlọ́pàá mú ajá afimúfínlẹ̀ sáàárín èrò, ajá júwe ẹnì kan, ọlọ́pàá wá tú u." Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀yin n'Íléṣà ń pè é gan-an tí ajá bá ń fi imú ti èèyàn lára báyẹn?