Màmá mi ń gbàgbé: ṣé MRI lè fi ohun tó ń bọ̀ hàn?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ní Ìkọ̀lé-Èkìtì máa ń béèrè ohun kan náà léraléra, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń dáná, wọ́n ń tajà, owó kì í ṣì wọ́n lọ́wọ́. Ará àdúgbò ní wọ́n ti ń ṣarán. Èmi ò gbà. Dókítà ní Adó ní ìgbàgbé yìí lè di dementia (àrùn tó ń ba ìrántí àti ìrònú jẹ́), ó sì lè má dì í.

Mo kà pé irú MRI kan (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara) ń wo bí àwọn apá ọpọlọ ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ téèyàn bá sinmi, pé ìsopọ̀ yẹn lè ti máa yí padà kí àrùn tó hàn gbangba. Ṣé dókítà ń lò ó fún aláìsàn, àbí inú ìwádìí nìkan ló wà? Àbí ká kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún fítámì B12 àti tairọ́ìdì (ẹṣẹ́ kan ní ọrùn), bóyá ibẹ̀ ni ìgbàgbé náà ti wá? Ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́.