Eré àdáṣe, ahunrin, àti ohun tí a ó kọ sára ìwé ìkéde Fẹlá Ṣówándé

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjíròrò o.

Àbúrò wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré orí ìtàgé ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú wa. Ó fẹ́ gbé eré kan jáde lórí ayé àti orin Fẹlá Ṣówándé, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ orin sílẹ̀ fún dùùrù àti àwọn ohun èlò olókùn. Òṣèré kan ṣoṣo ni yóò wà lórí ìtàgé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ni yóò máa sọ ìtàn, òun náà ni yóò máa tẹ dùùrù. Ó wá bi wá pé kí ni a ó pe irú eré bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, kí ni a ó pe irú ènìyàn tí Ṣówándé jẹ́, orúkọ wo sì ni a ó fún irú orin rẹ̀, kí ará Ìkòlé tàbí Ìjerò tó bá rí ìwé ìkéde lára ògiri lè mọ ohun tí wọ́n ní kó wá wò. Ìdáhùn ti pọ̀, mo sì ti kà wọ́n tán. Tèmi rèé.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti eré náà kúrò nílẹ̀ ná. Ẹnìkan ní kí á pè é ní "eré aládàáṣe". Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ ní "eré anìkànṣe". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. "Aládàáṣe" sún mọ́ "aládàáni" jù, bẹ́ẹ̀ ohun tí kì í ṣe ti ìjọba là ń pè ní aládàáni lórí rédíò lójoojúmọ́: ilé ìwé aládàáni, ilé ìwòsàn aládàáni. Ẹni tó bá kà á á rò pé owó ìjọba ni kò sí nínú eré náà. "Anìkàn" ní tirẹ̀ kì í bá ohun rere rìn lẹ́nu wa. Anìkànjọpọ́n ni, anìkànjayé ni. "Eré àdáṣe" ni mo dúró tì. Mo mọ̀ pé Ìyá wa tó wà ní Adó ti fi òwe ta kò ó, pé àdáṣe ní í hunni, àjọṣe kì í hunni. Mo gbọ́ mà, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìmọ̀ràn ni òwe yẹn ń bá wí. Kò bá ẹni tó dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe wí. Ó sì tún fi hàn wá pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu àwọn baba wa kí á tó máa wá a kiri. Àwọn tó fẹ́ "ìdáṣe" ńkọ́? Kí wọ́n rántí pé àwa ará Èkìtì tí a ń pe ilé ní ulé yóò máa pè é ní "ùdáṣe", ìwé ìkéde á sì máa sọ ọ̀kan, ẹnu á máa sọ òmíràn. "Àdáṣe" kò ní wàhálà yẹn.

Ọ̀rẹ́ wa kan ní kí á má wulẹ̀ da ara wa láàmú, pé eré ẹlẹ́nìkan kì í ṣe ti wa, kí ohun tó ti òkèèrè wá máa jẹ́ orúkọ tó gbé wá. Òótọ́ ni pé òkèèrè ti ṣe é dáadáa. Hershey Felder, ọmọ Kánádà tó jẹ́ òṣèré tó sì mọ píánò tẹ̀ gidi, ti dá ṣe eré lórí George Gershwin, ó ti dá ṣe ti Chopin, ó ti dá ṣe ti Beethoven àti Tchaikovsky, àwọn ìlú-mọ̀ọ́ká tó kọ orin sílẹ̀ ní òkèèrè. Ti Gershwin dé Broadway, àdúgbò àwọn ilé eré ńlá ní New York, ní 2001. Ṣùgbọ́n kí ni apààlọ́ ń ṣe? Ẹnu kan náà ló fi ń jẹ́ Ìjàpá, tó fi ń jẹ́ Yánníbo, tó tún fi ń jẹ́ ọba tó ní kí wọ́n lọ mú Ìjàpá wá. Bó bá dé ibi orin, á dá a, àwa ọmọdé á gbè é. Eré àdáṣe nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti wa kì í jẹ́ kí òǹwòran panu mọ́. Mo sì bẹ àbúrò mi pé kó fi àyè ègbè sílẹ̀ nínú eré tirẹ̀, torí àwọn ará Èkìtì kò ní jókòó gbọ́ ohùn orin tí wọ́n mọ̀ kí wọ́n má gbè é.

Mo ti rí díẹ̀ nínú ìdánrawò náà. Nígbà tí òṣèré fẹ́ di Ekundayo Phillips, olùkọ́ Ṣówándé, kò pààrọ̀ ẹ̀wù rárá. Ó dìde lórí àga, ó yí àga náà sí ẹ̀gbẹ́, ó tún jókòó, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó wá ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ ohùn kan náà léraléra, ojú rẹ̀ ń wo ibi tí orí ọmọdékùnrin kan yóò mọ sí. Ó tẹ̀ ẹ́ títí tí àwa fúnra wa fi fẹ́ bá ọmọ tí a kò rí gba ohùn náà. Phillips ló ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Marina, ní Èkó, láti 1914 títí di 1962, Ṣówándé sì wà lára àwọn ọmọdé inú ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀. Ẹ wo bí ìka kan ṣe sọ gbogbo ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kejì ló ká mi lára jù. Bí a kò bá rí orúkọ gidi fún Ṣówándé, gbogbo eré náà yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, torí àwọn ènìyàn yóò máa dúró de ìgbà tí yóò kọrin.

"Akọrin" kò lè ṣe é. Ẹgbẹ́ akọrin ni àwọn tó ń wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ Ìsinmi, orin ẹlòmíràn ni wọ́n sì ń kọ lọ́pọ̀ ìgbà. "Adárin" dùn létí, mo sì mọ ìdí tí àwọn kan fi fẹ́ ẹ, torí "dá" inú "dá ayé" wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó dá orin lójú agbo ni ẹni tí a kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, ì báà jẹ́ orin baba ńlá rẹ̀ ló dá. "Aṣẹ̀dá orin" ńkọ́? Inú ìjọ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí yóò wá wòran yìí ti ń bọ̀, Aṣẹ̀dá kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀, wọn kò sì ní bá wa pín orúkọ náà.

Ó ku "apilẹ̀rin", tí àwọn tó pọ̀ jù nínú wa ń gbè lẹ́yìn. Ó ní ìbátan nílé, ìyẹn "àpilẹ̀kọ" tí gbogbo wa ń lò. Ṣùgbọ́n ẹni tó pilẹ̀ nǹkan ni ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tí kò bá a níbì kan. Ẹ wá wo iṣẹ́ Ṣówándé. African Suite tó kọ ní 1944, fún àwọn ohun èlò olókùn àti háàpù, ni iṣẹ́ rẹ̀ tí ayé mọ̀ jù. Ohùn orin Ephraim Amu ti Ghánà wà nínú apá àkọ́kọ́ rẹ̀. Apá ìkẹyìn, "Akinla", inú orin háíláìfù ló ti mú un. Nínú "Oyígíyigì" tó kọ fún dùùrù, orin àwa Yorùbá ló mú, tó yí i sọ́tùn-ún, tó yí i sósì, tó fi ohùn tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lára dùùrù gbé e ró. Kì í ṣe òun nìkan. Samuel Coleridge-Taylor tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí baba rẹ̀ wá láti Sàró, gbé orin 24 jáde fún píánò ní 1905. Orin àwọn ènìyàn dúdú ni gbogbo wọn, orin Yorùbá kan tó pè ní "Oloba" sì wà láàárín wọn. Kò pilẹ̀ "Oloba". Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ lórí píánò mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ Coleridge-Taylor ni.

Kí wá ni wọ́n ṣe sí orin wọ̀nyí? Wọ́n hun wọ́n ni. Àwọn ìyá wa ní Èkìtì tó ń hun kíjìpá lórí òfì tí wọ́n gbé ti ògiri, kì í ṣe àwọn ló ran gbogbo òwú tí wọ́n ń lò. Wọ́n rà á lọ́jà, wọ́n gbà á lọ́wọ́ aládùúgbò, wọ́n mú èyí tó ti wọ aró, wọ́n fi èyí tó funfun kún un. Aṣọ tó jáde, ti ahunṣọ ni, kò sẹ́ni tó ń bá a jà lórí rẹ̀. Nítorí náà, "ahunrin" ni mo fi síwájú yín: ẹni tó ń hun orin. Bí "kọ orin" ṣe di "kọrin", tí "dá orin" di "dárin", bẹ́ẹ̀ ni "hun orin" ṣe di "hunrin". Àwọn olùkọ́ èdè wa ti ṣí ọ̀nà yìí sílẹ̀ tipẹ́, nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa ní ìhun gbólóhùn. Bí gbólóhùn bá ní ìhun, orin náà ní in.

Mo ti ń gbọ́ ẹni tí yóò sọ pé ahun ni ìjàpá, ahun náà ni ẹni tí kì í fún ènìyàn ní nǹkan, àti pé ẹni tó bá ń yára kàwé á rí "ahun rìn". Ẹ jọ̀wọ́, ta ni nínú yín tó tíì gbọ́ "ahunṣọ" tó ronú kan ìjàpá rí? Etí tó gba ahunṣọ á gba ahunrin.

Ìdí mìíràn wà tó jẹ́ pé Yorùbá nìkan ló lè fi ṣe àwíjàre. Lédè tiwa, ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀ kì í rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Igba ni mo fẹ́ sọ, tàbí igbá, tàbí ìgbà? Bí ohùn orin bá sọ̀kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti gòkè, igbá olówó ti di ìgbà olówó. Àwọn tó dàgbà nínú ìjọ mọ bí orin ìyìn ayé àtijọ́ tí a fi ohùn òyìnbó kọ ṣe máa ń lọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ wa lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ yìí ni Phillips gbé dání pẹ́, tó fi kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Ẹni tó bá ń kọ orin fún ẹgbẹ́ akọrin Yorùbá, okùn méjì ló mú lọ́wọ́ pọ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀kan ja. Pípilẹ̀ kò sọ ìyẹn. Híhun sọ ọ́.

Ti irú orin náà kò gba àkókò púpọ̀. Ẹ má jẹ́ kí á kọ "orin àtayébáyé" síbẹ̀. Ará Ìjerò tó bá rí i á múra láti wá gbọ́ alámọ̀, orin ìbílẹ̀ wa ní Èkìtì, á sì bínú lọ sílé, ó sì tọ́ sí i. "Orin òyìnbó" burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé orin wa ló pọ̀ nínú ohun tí ọkùnrin náà lò. "Orin àkọsílẹ̀" ni mo fara mọ́. Wọ́n ní gbogbo orin la ń kọ sílẹ̀ báyìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ olórin ń wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ láìmú bébà kankan dání. Ti Ṣówándé, inú bébà ni gbogbo rẹ̀ wà, ohùn kọ̀ọ̀kan, ìka kọ̀ọ̀kan. Ó kú ní Ohio ní Amẹ́ríkà ní 1987, síbẹ̀ ọmọ tó mọ̀ ọ́n kà ní Adó lè tẹ̀ ẹ́ lónìí gẹ́gẹ́ bó ṣe tò ó. "Kílásíkà" tí òyìnbó ń pè é kò bí mi nínú bí ẹnìkan bá sọ ọ́ lẹ́nu, àmọ́ kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan kù lórí orúkọ. Bí ẹ bá fi lẹ́tà ńlá kọ "FẸLÁ", tí ẹ wá fi kékeré kọ "Ṣówándé" sábẹ́ rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ á rò pé Aníkúlápó ni, pàápàá bí wọ́n bá tún rí "Abẹ́òkúta". Wọ́n á retí sàksófóònù. Ẹ jẹ́ kí orúkọ méjèèjì ga bákan náà, kí ẹ sì fi ọdún sí i. 1905 ni wọ́n bí Ṣówándé, Aníkúlápó kò dé títí di 1938.

Ohun tí mo ní kí á kọ sára ìwé nìyí: "Fẹlá Ṣówándé (1905–1987), ahunrin ọmọ Abẹ́òkúta: eré àdáṣe lórí ayé rẹ̀ àti orin àkọsílẹ̀ rẹ̀."

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin tí ẹ sún mọ́ àwọn ìyá alámọ̀, ní Ìjerò, ní Ẹ̀fọ̀n, níbikíbi. Ẹ bá mi bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe orin tuntun fún agbo wọn, kì í ṣe ẹni tó ń lé e o. Bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ kan fún un lẹ́nu Èkìtì, tó sì gba ohun tí mo ní kí híhun gbà, èmi fúnra mi ni n ó kọ́kọ́ fi "ahunrin" sílẹ̀. Kẹ́ ẹ jọ̀ọ́, kó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí ọjọ́ náà ni àbúrò wa ń gbé ìwé ìkéde lọ fún àwọn atẹ̀wé.