Èmi àti ọkọ mi fẹ́ fi mọ́tò gba etí òkun lọ sí Lomé, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

IyaIbeji_Ibadan:
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọdún yìí ló pé ọdún 15 tí èmi àti Bàbá Ìbejì ti ṣègbéyàwó, láti ìgbà yẹn kò sí ìrìn àjò kan tí a jọ rìn tí kì í ṣe òkú tàbí ìyàwó la ń lọ ṣe. Àwọn ọmọ ti lọ sílé ìwé tí wọ́n ń sùn sí, ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́, ni ọkọ mi bá ní ká gbé mọ́tò ká máa lọ díẹ̀díẹ̀, Badagry, Sèmè, Kútọnu, Ouidah, títí dé Lomé, ká lo ọjọ́ méje. Mo ní ọjọ́ méje kẹ̀, ibi táwọn oníṣòwò ń lọ láàárọ̀ tí wọ́n ń dé lálẹ́. Ó ní wọ́n ń sáré ni, wọn ò rí nǹkan kan lọ́nà. Inú mi dùn sí i gan-an, ẹ̀rù ló kàn ń bà mí. Ṣé mọ́tò wa á lè wọ ibẹ̀? Ìwé wo là ń mú dání? Ibo ló yẹ ká sùn? A ò gbọ́ Faransé o, "bọ́ńjúù" nìkan ni mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti rìn ín rí kó dá mi lóhùn.

BabaTawa:
Ẹ kú oríire ọdún 15 o Ìyá Ìbejì. Mọ́tò yín á wọ ibẹ̀ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì lèmi àtìyàwó mi ti rìn ín. Ti àkọ́kọ́ a sáré ni, a kúrò l'Ékòó kílẹ̀ tó mọ́, alẹ́ la dé Lomé, ó ti rẹ̀ wá débi pé a ń bára wa jà lórí ibi tá a máa sùn, bọ́dà àti eruku nìkan la rántí. Ti ẹ̀ẹ̀kejì a sùn síbi mẹ́rin, ó yàtọ̀ pátápátá, títí dòní tí ìyàwó mi bá gbọ́ ìró òkun nínú fíìmù á ní "Bàbá Táwà, ẹ rántí Grand-Popo?", ìlú etí òkun kan ní Benin. Ọkọ yín ló jàre.

Ti ìwé: páspọ́ọ̀tù tọ́jọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá, ọmọ ECOWAS ni wá, kò sí pé à ń gba físà, ọjọ́ 90 ni wọ́n fún wa. Yẹ́lò káàdì, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Lésẹ́ńsì ọkọ yín. Ìwé mọ́tò kó jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó ni mọ́tò kọ̀wé fún un. Ìnṣọ́ráǹsì tí wọ́n ń pè ní Brown Card, nílé ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Tẹ́ ẹ bá kọjá bọ́dà Sèmè, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù Benin á kọ laissez-passer fún mọ́tò, ìyẹn ìwé àṣẹ tó ń jẹ́ kí mọ́tò wọ ìlú wọn, wọ́n máa ń kọ ọjọ́ sí i, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ yẹn kọjá lórí yín rárá. Ẹ ṣẹ́ńjì owó díẹ̀ ní bọ́dà, kẹ́ ẹ kà á nínú mọ́tò kẹ́ ẹ tó lọ. Sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná ní Benin àti Togo. Lọ́nà Badagry, àwọn agbófinró á dá yín dúró lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ní sùúrù, ẹ má bá wọn jiyàn.

OmoAjase:
Ẹ jọ̀ọ́ Mọ̀mí, ẹ má kọjá Àjàṣẹ́ o! Gbogbo ará Nàìjíríà ló ń sáré lọ Kútọnu tààrà tí wọ́n á sì fi Àjàṣẹ́ tí òyìnbó ń pè ní Porto-Novo sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni olú ìlú Benin. Tẹ́ ẹ bá kúrò ní bọ́dà, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún ní Sèmè-Kpodji, ẹ gba orí afárá ọ̀sà. Ẹ ò nílò Faransé kankan níbẹ̀, Yorùbá àti Ẹ̀gùn là ń sọ lọ́jà. Ẹ lọ wo mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́, tẹ́ ẹ bá rí i ẹ máa rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.

Láti Kútọnu lọ sí Ouidah, ọ̀nà méjì ló wà. Títì ńlá yá, ṣùgbọ́n Route des Pêches ló gba ẹ̀gbẹ́ òkun gan-an, àgbọn lọ́tùn-ún lósì, àwọn apẹja ń fa àwọ̀n tí wọ́n ń kọrin, ọkọ yín á fẹ́ràn ẹ̀ gan. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò ẹ kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Ní Ouidah, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ nígboro, ẹ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà lọ sétí òkun, á tó kìlómítà mẹ́rin, títí dé Ẹnu-ọ̀nà Àìpadàbọ̀, ẹnu-ọ̀nà ńlá tí wọ́n kọ́ fi ṣèrántí wọn. Ẹ rìn ín ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo ti mú àlejò lọ síbẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ, omijé ṣì máa ń bọ́ lójú mi.

Alake_Lome:
Mo fara mọ́ Ọmọ Àjàṣẹ́. Ohun tèmi fẹ́ fi kún un ni òkun yẹn fúnra ẹ̀. Ẹ jókòó tì í, ẹ jẹ́ kó fọ ẹsẹ̀ yín, ẹ má wẹ̀ nínú ẹ̀, ó máa ń fa èèyàn lọ, ẹni tó mọ̀wẹ̀ gan-an kì í bọ́. Grand-Popo ni kẹ́ ẹ ti lo ọjọ́ méjì, kò sí ariwo, wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi gbé yín lọ síbi tí odò Mono ti ń wọnú òkun. Ẹ jẹ ẹja díndín pẹ̀lú àkàsà, ẹ̀kọ wa náà ni. Tẹ́ ẹ bá kọjá bọ́dà Hillacondji, tẹ́ ẹ wọ Togo, ẹ fa aago yín sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ẹ dúró díẹ̀ ní Aného, ọ̀sà lápá kan òkun lápá kejì, ẹ máa rí ibi tí òkun ti jẹ ilẹ̀ àti ilé lọ, ó máa ń dùn mí. Epo inú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńkọ́? Ẹ má rà á fún mọ́tò yín, ẹ lọ sílé epo.

IyaIbeji_Ibadan:
Ẹ ṣé, ẹ ṣé, Olúwa á bá mi san án fún gbogbo yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ sétí Bàbá Ìbejì lálẹ́ àná, nígbà tí mo dé ibi Àjàṣẹ́ ló ní ìyá ìyá òun máa ń dárúkọ ìlú yẹn, òun ò mọ̀ pé ojú ọ̀nà wa ló wà. A ti fi ọjọ́ kan kún un, ó di mẹ́jọ. Ọmọ Àjàṣẹ́, ọjọ́ wo lọjà yín máa ń kún jù?