Ìwọ́de ní ìlú kékeré ní Faransé: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Àdùkẹ́: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Faransé àmọ́ tí kì í ṣe Paris, báwo ni ìyanṣẹ́lódì ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ yín?

Bàbá Tóbi: Guéret ni mo wà ní 2023, nígbà tí ìjọba sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì láti 62 sí 64. Ìlú tí èèyàn ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju 13,000 lọ, ìgboro kún fọ́fọ́! Obìnrin tí mo máa ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù, ó ń lu ìkòkò níwájú. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ CGT ń yan merguez, sọ́séèjì oníata, èéfín gba gbogbo àdúgbò. Mo ń retí tajútajú, àfi ọlọ́pàá méjì tó ń darí mọ́tò.

Ìyá Ìbejì: Merguez yẹn! Ẹ má dá mi lọ́fun tòló.

Ọmọ Kétu: Ta ló ń sanwó fẹ́ni tó daṣẹ́ sílẹ̀? Wọ́n ní ìjọba ni.

Bàbá Tóbi: Irọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Wọn kì í gbowó ọjọ́ yẹn. Ìdí tí mo fi bọ̀wọ̀ fún wọn nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Arúgbó ni mò ń tọ́jú. Lọ́jọ́ táwọn olùkọ́ yanṣẹ́ lódì, òfin ní kí ìlú wá ẹni tó máa mójú tó àwọn ọmọ, àmọ́ wọn ò rẹ́nì kankan. Mo kó àwọn ìbejì dání lọ síbi iṣẹ́. Màmá yẹn gbé bísíkíìtì fún wọn, ó ní òun náà daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1968, nílé iṣẹ́ bàtà.

Àjàní: Gbogbo ariwo 2023 yẹn, kí ló já sí? Borne, olórí ìjọba nígbà yẹn, lo abala 49.3 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wọn, ilé aṣojú-ṣòfin ò ráyè dìbò lé e, Ààrẹ Macron buwọ́ lù ú.

Ọmọ Kétu: Ti 2018 ńkọ́? Ṣé àwọn olùwọ́de oníjákẹ́ẹ̀tì yẹ́lò ò mú kí wọ́n fagi lé àfikún owó orí epo ni? Ní January 2024, àwọn àgbẹ̀ fi katakata dí A64, òpópónà márosẹ̀, ní Carbonne lápá gúúsù. Kí oṣù tó parí, Attal, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà yẹn, ti wá bá wọn lágbègbè ibẹ̀, ó ju àfikún owó orí epo dísẹ́ẹ̀lì oko nù.

Àdùkẹ́: Àwọn àgbẹ̀ yẹn náà ló dorí pátákó orúkọ ìlú wa kodò. Ọkọ mi ń pariwo pé àwọn ọmọ ìta ló ṣe é.

Àjàní: Àgbẹ̀ ní katakata. Kí ni Ìyá Ìbejì fẹ́ fi dínà?

Ìyá Ìbejì: Ìbéèrè gidi nìyẹn. Tí mo bá jókòó sílé, ta ló máa fún màmá lóògùn?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Lọ́dọ̀ wa nílé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì á kọ "en grève" (a ti yanṣẹ́ lódì) sẹ́yìn aṣọ, wọ́n á sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Wọn ò lè fi aláìsàn sílẹ̀.

Bàbá Tóbi: Ṣé wọ́n ń sanwó fún àwọn yẹn?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Wọ́n ń san án. Iṣẹ́ ni wọ́n kúkú ṣe.