Ilé oúnjẹ wo ni ká mú màmá lọ lálẹ́ ní Zermatt?

Ọmọ_Olósùnta:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó lọ sanwó síbi tí kò yẹ. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Geneva ló pe èmi àti màmá wa, físà ti jáde, a dúpẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá la máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Màmá á pé àádọ́rin ọdún nígbà tá a bá wà níbẹ̀, àbúrò mi wá ní ká gbé wọn lọ sí Zermatt, ìlú kan láàárín àwọn òkè Switzerland, ká sùn síbẹ̀, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí yìnyín àti òkè Matterhorn, èyí tí wọ́n máa ń yà sára páálí Toblerone tẹ́lẹ̀ yẹn.

Èmi ni wọ́n wá ní kí n wá ibi tá a ti máa jẹun alẹ́ ọjọ́ ìbí náà. Mo ti ń wo íntánẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ yìí, orí ti ń fọ́ mi, gbogbo wọn ni ìràwọ̀ mẹ́rin ààbọ̀, gbogbo wọn ló ya fọ́tò ṣíìsì yíyọ́ nínú ìkòkò pupa, mi ò mọ èyí tó dáa mọ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá mi, ará Ìkẹ́rẹ́ pọ́ńbélé. Wọn kì í mu ọtí, kódà ti inú kéèkì wọ́n máa ń béèrè kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Nǹkan wàrà ò fi bẹ́ẹ̀ bá wọn lára mu, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, bí agogo méje alẹ́ bá sì lù tí wọn ò tíì jẹun, wọn á ti máa bá gbogbo ayé jà. Iyán ni oúnjẹ wọn, ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe rí.

Èmi ń rò ó pé ká gba tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tá a ti máa rí òkè yẹn dáadáa. Àbúrò mi ní fondue, ṣíìsì yíyọ́ inú ìkòkò yẹn, la gbọ́dọ̀ jẹ, pé ẹni tó dé Switzerland tí kò jẹ ẹ́ kò débẹ̀ rárá. Owó wa ò pọ̀ àmọ́ a ò fẹ́ kó dà bíi pé a lọ fi ìyà jẹ ìyá wa lọ́jọ́ ìbí. Ibo ni kí n mú?

Àdó_Èwí:
Ẹ gbé màmá lọ sí Ìkọ̀gòsì jàre. Omi gbígbóná wà níbẹ̀, omi tútù wà níbẹ̀, òkè wà níbẹ̀, uyán ń bẹ lójú ọ̀nà ní Arámọkọ. Kẹ́ ẹ fi owó tó kù ra jẹnẹrétọ̀. 😂

Ọmọ_Olósùnta:
@Àdó_Èwí ẹ̀gbọ́n, físà ti jáde, ẹ fi mí sílẹ̀ o.

Ìyá_Ìbejì_Ìjerò:
Ẹ kú oríire màmá, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n jẹun ọmọ pẹ́. Lausanne ni mò ń gbé, mo sì máa ń mú àlejò lọ sí Zermatt dáadáa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ gbàgbé tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn. Ní oṣù kọkànlá wọ́n á ti dá aago padà sẹ́yìn, bí agogo márùn-ún bá ti lù ilẹ̀ ti ń ṣú nìyẹn, ìlú náà sì wà ní ìsàlẹ̀ láàárín àwọn òkè, oòrùn ti máa ń kúrò níbẹ̀ kó tó di ìgbà yẹn pàápàá. Tẹ́ ẹ bá jókòó lágogo méje, ojú ara yín lẹ máa rí nínú gíláàsì fèrèsé, ẹ sì ti san owó ẹni tó wo òkè. Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ fi wo òkè. Ọkọ̀ ojú irin Gornergrat tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1898, ọ̀kánkán ibùdókọ̀ ojú irin Zermatt ló ti ń gbéra, ó máa gbé màmá dé 3,089 mítà láì jẹ́ pé wọ́n fi orúnkún yẹn gun òkè kankan, ẹ máa rí Matterhorn lọ́ọ̀ọ́kán tí ojú ọjọ́ bá mọ́, ilé oúnjẹ wà lókè níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ mu tíì. Àmọ́ tí màmá bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, ẹ bi dókítà wọn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, torí Adó wa yìí ò tó 500 mítà, Zermatt fúnra rẹ̀ ti tó nǹkan bíi 1,600, afẹ́fẹ́ òkè yẹn fẹ́lẹ́ gan-an ni.

Wàyí o, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá kì í ṣe àsìkò ọjà níbẹ̀. Àwọn tó ń wá rìn lórí òkè nígbà ooru ti lọ, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá ṣeré orí yìnyín ò tíì dé, nítorí náà ilé oúnjẹ púpọ̀ máa ń tilẹ̀kùn kí àwọn òṣìṣẹ́ lè sinmi, òmíràn ò ní ṣí títí Kérésì á fi ku díẹ̀. Fóònù yín lè máa sọ fún yín pé wọ́n ṣí. Ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ lọ sórí zermatt.ch, ẹ wo àwọn tó ṣí lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, lẹ́yìn náà ẹ kọ ímeèlì sí ilé oúnjẹ náà fúnra rẹ̀, ẹ sọ ọjọ́, ẹ sọ iye yín, ẹ sọ agogo mẹ́fà ààbọ̀. Mẹ́fà ààbọ̀ ni mo sọ o, kì í ṣe mẹ́jọ, torí bí mẹ́sàn-án ààbọ̀ bá ti ń lù ọ̀pọ̀ ìdáná ibẹ̀ ti ń panáa nìyẹn, màmá náà ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà.

Tí ẹ bá rí i pé ó ṣí, èmi á mú Schäferstube, inú hòtẹ́ẹ̀lì Julen ló wà. Ẹran àgùntàn ni wọ́n fi gbajúmọ̀, ìdílé tó ni hòtẹ́ẹ̀lì náà ló ń sin àgùntàn onímú dúdú ti agbègbè Valais fúnra wọn, irun wọn gùn, ojú àti imú dúdú bí èédú, ẹ máa rí fọ́tò wọn káàkiri ìlú. Màmá á rí ẹran gidi jẹ. Tó bá jẹ́ dandan ni fondue, Whymper-Stube wà nínú hòtẹ́ẹ̀lì Monte Rosa ní òpópónà Bahnhofstrasse, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń lọ. Edward Whymper ni wọ́n fi sọ ọ́, òun àtàwọn mẹ́fà ló kọ́kọ́ dé orí Matterhorn ní 1865, mẹ́rin nínú wọn sì já bọ́ tí wọ́n kú nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má sọ ìyẹn fún màmá kí wọ́n tó jẹun.

Ti owó, fondue máa ń tó franc 30 sí 40 lórí ẹnì kan, ẹran máa ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fọkàn sí i. Owó òṣìṣẹ́ ti wà nínú iye tí wọ́n kọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti 1974, tí ẹ bá fẹ́ fún wọn ní nǹkan ẹ kàn fi díẹ̀ lé e. Omi ẹ̀rọ wọn dáa láti mu, Hahnenwasser ni kẹ́ ẹ béèrè, ibòmíràn á gba owó díẹ̀ lórí rẹ̀, ó ṣì sàn ju omi inú ìgò lọ.

Kúùkù_Bàsírì:
Ìyá Ìbejì ti sọ ọ̀pọ̀ rẹ̀. Èmi ń dáná ní hòtẹ́ẹ̀lì kan níbí ní Adó, mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ ọtí yẹn torí mo rí i pé kò séèyàn tó sọ ọ́. Fondue tí àbúrò yín ń sọ yẹn, wáìnì funfun ni wọ́n fi ń yọ́ ṣíìsì náà, ibi púpọ̀ ló sì tún ń da kirsch sí i, ọtí líle tí wọ́n fi ṣẹ́rì pọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iná ti gba ọtí yẹn lọ, ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi ń rò ó lórí iná? Ọtí ń bẹ níbẹ̀. Tí màmá bá béèrè, ẹ má purọ́ fún wọn.

Raclette ló yẹ kí àbúrò yín máa pariwo, torí àwọn ará Valais gan-an ló ni ín, Zermatt sì wà ní Valais. Wọ́n á gé ṣíìsì rogodo ńlá sí méjì, wọ́n á na ojú ibi tí wọ́n gé sí iná, bó bá ti ń yọ́ tí ó ń hó pìtìpìtì wọ́n á fi ọ̀bẹ há a sórí ọ̀dùnkún sísè nínú àwo, òórùn rẹ̀ le, ẹ sọ fún màmá tẹ́lẹ̀. Kùkúńbà àti àlùbọ́sà kéékèèké inú fínígà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Kò sí ọtí nínú ìyẹn, àmọ́ ṣíìsì ṣì ni, ẹ bu díẹ̀ fún màmá tọ́ wò.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá màmá wò ni fondue chinoise. Orúkọ ló jọ fondue, kò sí ṣíìsì níbẹ̀ rárá. Omi ẹran tó ń hó ni wọ́n á gbé sórí iná láàárín tábìlì, wọ́n á kó ẹran tútù tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún yín, olúkúlùkù á máa fi fọ́ọ̀kì gígùn ki tirẹ̀ bọ omi gbígbóná yẹn títí á fi jinná bó ṣe fẹ́. Ìrẹsì tàbí ọ̀dùnkún lẹ lè fi tì í. Ẹ kàn béèrè bóyá wọ́n da wáìnì sínú omi ẹran náà. Wọ́n tún ní rösti, ọ̀dùnkún tí wọ́n rin tí wọ́n dín pẹrẹsẹ, ọ̀jọ̀jọ̀ tí kò ní ata ni kẹ́ ẹ pè é. Ìyẹn kò ní bá màmá jà.

Ata ńkọ́? Oúnjẹ ibẹ̀ ò ní ata o! Ẹ gún ata gbígbẹ sínú ike kékeré kí màmá fi sínú báàgì. Ṣùgbọ́n ẹ má dán ẹran gbígbẹ tàbí pọ̀nmọ́ wò, wọn kì í jẹ́ kí ẹran àti nǹkan wàrà láti ọ̀dọ̀ wa wọlé, wọ́n á gbà á, wọ́n sì lè bu owó lé yín lórí.

Ọ̀tùn_Boy:
Gbogbo owó yìí lórí ọ̀dùnkún. Ẹ gba àpátímẹ́ǹtì tó ní kíṣìnì, ẹ gbé pọ́ńdò àti ẹ̀gúsí láti ilé, ilé ìtajà Coop wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin níbẹ̀, ẹ ra ẹran àti tòmátì, ẹ ro iyán fún màmá. Parí. Kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé omi ò ní gbóná tó tilé kó tó hó, ní gíga bẹ́ẹ̀ yẹn nǹkan bíi degree 95 ló ti ń hó, nítorí náà ẹran máa pẹ́ lórí iná, wọ́n á ṣe sùúrù.

Ìyá_Ìbejì_Ìjerò:
@Ọ̀tùn_Boy ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún ni o, ta ló máa fọ abọ́? Màmá náà ni! Wọn ò ní jókòó kí ọmọkùnrin wọn máa fọ ìkòkò, mo mọ àwọn màmá wa. Àpátímẹ́ǹtì dáa fún ọjọ́ kejì, tẹ́ ẹ bá rí i gbà ẹ gbà á, kí màmá rí pọ́ńdò wọn jẹ lọ́sàn-án kẹ́ ẹ tó padà sí Geneva. Tẹ́ ẹ bá sì din ata, ẹ ṣí fèrèsé o, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ èéfín ibẹ̀ kì í ṣàwàdà.

Ọmọ_Olósùnta:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ òkùnkùn yẹn ló jọ mí lójú jù, kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Ìbéèrè méjì ló kù. Hòtẹ́ẹ̀lì kan tá a rí ní àwọn máa fi oúnjẹ alẹ́ kún owó yàrá, Halbpension ni wọ́n pè é, ṣé ká gbà á? Èkejì, mo rí ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Chez Vrony ní Findeln, fọ́tò rẹ̀ rẹwà débi pé mo fẹ́ sunkún.

Ìyá_Ìbejì_Ìjerò:
Chez Vrony rẹwà lóòótọ́, àmọ́ orí òkè ló wà, ọ̀sán ni àwọn èèyàn ń lọ síbẹ̀, ẹ máa wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ dé Sunnegga kẹ́ ẹ tó wá fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀. Pẹ̀lú orúnkún màmá? Rárá o. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìwọ àti ọkọ rẹ lọ́jọ́ mìíràn, nígbà ooru.

Halbpension ní tirẹ̀, ó máa ń dín owó kù dáadáa, tó bá jẹ́ pé ilé oúnjẹ tó wà ní ṣíṣí lọ́sẹ̀ yẹn ò pọ̀ èmi á gbà á láìronú lẹ́ẹ̀mejì, torí màmá ò ní jáde sínú òtútù, lífítì ni wọ́n máa wọ̀ lọ jẹun. Ohun tí kì í jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n bá sè lọ́jọ́ yẹn lẹ máa jẹ.

Kúùkù_Bàsírì:
Ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú nìyẹn. Kò sí kúùkù tó máa bínú tẹ́ ẹ bá ti sọ fún un láti ọjọ́ mélòó kan pé ẹnì kan kì í mu ọtí, kì í jẹ wàrà. Ohun tó ń bí wa nínú ni ká gbé àwo dé tábìlì tán kí wọ́n tó wá sọ ọ́.

Ọmọ_Olósùnta:
Ó dáa. Mo ti kọ̀wé sí Schäferstube lálẹ́ yìí, mo ní èèyàn mẹ́ta, agogo mẹ́fà ààbọ̀, mo sì kọ ọ́ pé màmá kì í mu ọtí. Tí wọ́n bá ní àwọn ò ṣí, a máa gba hòtẹ́ẹ̀lì tó ní Halbpension. Àbúrò mi ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ òun máa dá jẹ fondue òun ní Geneva, mo ní kó máa jẹ ẹ́ lọ.

Ìyá_Ìbejì_Ìjerò:
Nínú ímeèlì yẹn, ṣé ẹ béèrè iye àtẹ̀gùn tó wà láti ẹnu ọ̀nà dé tábìlì, àti bóyá ìsàlẹ̀ ni ilé ìyàgbẹ́ wà? Ilé àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àtẹ̀gùn wọn tóóró. Ẹ kọ òmíràn sí wọn kẹ́ ẹ tó sùn.

Ọmọ_Olósùnta:
Mo ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́ báyìí ma.