Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ta ni kí àwọn jagunjagun onísìn inú ìtàn mi gbè lẹ́yìn nínú ogun adé?

Ọmọ Ọ̀yẹ́ (ẹni tó ni ìbéèrè):
Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì Kete, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kan ló ń dà mí láàmú, mo sì mọ̀ pé àwọn tó mọ ìtàn àtijọ́ pọ̀ níbí. Mo ń kọ ìtàn àròsọ kan lédè Yorùbá, ìlú inú ẹ̀ kì í ṣe Èkìtì ṣùgbọ́n òkè àti àpáta ló yí i ká bíi tiwa, oògùn wà níbẹ̀, iwin wà níbẹ̀, ọba ìlú náà wá wàjà láì fa ẹnì kankan kalẹ̀. Ọmọ ọba méjì ló ń du adé, ọ̀kan láti ìdílé ẹ̀gbọ́n, èkejì láti ìdílé àbúrò, Ìwàrẹ̀fà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àwọn ìjòyè tó ń fọba jẹ, sì pín sí méjì, mẹ́ta síbí, mẹ́ta sọ́hùn-ún. Ọmọbìnrin ọba tó wàjà ló ń ṣe adelé.

Àwọn tó ń yọ mí lẹ́nu ni àwọn Aláṣọ Eérú. Ẹgbẹ́ jagunjagun ni wọ́n, orí àpáta ni wọ́n ń gbé, òrìṣà àpáta yẹn ni wọ́n ń sìn, wọn kì í gbéyàwó, wọn kì í bímọ, wọ́n ti búra láti kékeré. Wọ́n ní oko tó pọ̀, wọ́n ní ẹnubodè mẹ́ta tí wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ oníṣòwò. Bí mo ṣe kọ ọ́, wọ́n dara pọ̀ mọ́ ọmọ ọba àgbà ní orí kẹfà, nígbà tó fi máa di orí kẹjọ ogun ti parí, torí kò sẹ́ni tó lè kò wọ́n lójú. Àwọn tó bá mi kà á ní wọ́n kàn dà bí sójà tí wọ́n háyà ni, pé tí èèyàn bá bọ́ aṣọ eérú yẹn lọ́rùn wọn kò sí nǹkan ẹ̀sìn kankan tó kù. Kí ni wọ́n ń wá gan-an nínú ogun tí kì í ṣe tiwọn? Ta ni kí wọ́n gbè lẹ́yìn? Mo fẹ́ràn àwọn èèyàn yìí gan-an, mi ò fẹ́ kí wọ́n ṣòfò.

Tíṣà Ìjerò:
Àbúrò, o kú iṣẹ́ ọpọlọ. Kí o tó bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n ń gbè lẹ́yìn, bi wọ́n pé kí ni wọ́n búra fún. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Ṣé ọba tó wàjà yẹn ni, àbí adé, àbí òrìṣà àpáta? Tó bá jẹ́ pé ọba ni, ìbúra wọn ti bá a wọlẹ̀, wọ́n ti di aláìlólúwa, ẹni tó bá sì lágbára tí kò lólúwa, kò sí ìlú tó lè sùn. Tó bá jẹ́ adé ni, wọn ò gbọdọ̀ gbé idà fún ẹnikẹ́ni títí adé á fi dé orí ẹnì kan, ogun sì nìyí, ta ló fẹ́ dúró? Tó bá wá jẹ́ òrìṣà ni, ẹni tó ń sọ ohun tí òrìṣà wí ló ń fọba jẹ, kì í ṣe Ìwàrẹ̀fà mọ́.

Wo àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́ láyé ijọ́un, àádọ́rin ni wọ́n, wọ́n ní ohun méjì ló yẹ Ẹ̀ṣọ́, Ẹ̀ṣọ́ jà ó lé ogun, Ẹ̀ṣọ́ jà ó kú sógun. Gbọ́ ọ dáadáa, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀, kò sí iye owó nínú ẹ̀. Irú ẹ̀ ni kí o wá fún àwọn Aláṣọ Eérú, gbólóhùn kan tó kúrú tí ọmọ kékeré lè há sórí. Kí o sì jẹ́ ká rí ibi tí wọ́n ti ń búra. Àgbà ẹgbẹ́ gbé àdá lélẹ̀ lórí òkúta, ó ta epo sí i, ọmọ tí ò tíì hurùngbọ̀n kúnlẹ̀, ó fi ahọ́n kan irin yẹn, epo ń kán sí i lágbọ̀n, ó sì sọ gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan péré. Títí dòní àwọn tó ń bọ Ògún ń fi irin búra ní kóòtù, kò sẹ́ni tó ń rò pé eré ni. Tí òǹkàwé bá ti rí ọmọ yẹn ní orí kìíní, kò ní pè wọ́n ní sójà háyà mọ́ láéláé.

Ìyá Ìbejì, Adó:
Tíṣà ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò dé ibi owó, èmi oníṣòwò ibẹ̀ ni ojú mi kọ́kọ́ lọ. Àwọn tí kì í bímọ, tí oko wọn kì í pín, tí wọ́n tún ń gbowó ẹnubodè! Ẹ bá mi rò ó, tí ọba bá kú àwọn ọmọ ẹ̀ á pín ogún, ìjòyè kú wọ́n pín ogún, ṣùgbọ́n ti ẹgbẹ́ yìí kàn ń pọ̀ sí i ni látìgbà táláyé ti dáyé. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún wọ́n á lówó ju ọba lọ, ọba á sì máa yá lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Templar nìyẹn, ẹgbẹ́ jagunjagun onísìn kan nílẹ̀ òyìnbó. Nǹkan bí ọdún 1119 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù láti máa ṣọ́ àwọn tó ń rìnrìn àjò ẹ̀sìn lójú ọ̀nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn búra pé òun ò ní ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ fúnra ẹ̀ ń gba ilẹ̀ káàkiri Yúróòpù, àwọn ọba ń kó ìṣúra pa mọ́ sọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń yáwó lọ́wọ́ wọn. Philip kẹrin ọba Faransé jẹ wọ́n ní gbèsè. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1307 ló kọ lẹ́tà àṣírí ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ ní gbogbo ìlú, wọ́n pa lẹ́tà náà mọ́ fún nǹkan bí oṣù kan, nígbà tó di ìdájí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá, wọ́n lọ ń kan ilẹ̀kùn wọn lọ́jọ́ kan náà jákèjádò ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀sùn ẹ̀sìn ni wọ́n kà sí wọn lọ́rùn, wọn ò dárúkọ gbèsè rárá. Póòpù tú ẹgbẹ́ náà ká lọ́dún 1312, wọ́n dáná sun Jacques de Molay olórí wọn ní Paris lọ́dún 1314.

Torí náà ọmọ mi, ohun tí wọ́n ń wá nínú ogun yìí ni pé kí ẹni tó máa jọba má ṣe jẹ́ ẹni tó máa fẹ́ gba ẹnubodè lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn ò sọ wọ́n di èèyàn burúkú. Owó yẹn ni wọ́n fi ń tọ́jú ojúbọ, òun ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn ọmọ òrukàn tí wọ́n ń gbà síbẹ̀, kì í kúkú ṣe fún ikùn ara wọn.

Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, èmi ò gbà pé dandan ni kí wọ́n gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ọmọ Fábùnmi ni mí, ìtàn ogun Kírìjì la fi tọ́ wa. Láti 1877 ni wọ́n ti gbéná wojú ara wọn, Èkìtì Parapọ̀ pàgọ́ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìbàdàn pàgọ́ sí Igbájọ, Ògèdèǹgbé ni balógun níbí, Látòósà lọ́hùn-ún, ìbọn ń dún lórí òkè, kò sẹ́ni tó lè ṣẹ́gun ẹnì kejì. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ parí ẹ̀ lọ́dún 1886, àwọn wo ló ń ti àgọ́ kan bọ́ sí àgọ́ kejì? Àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni o, Samuel Johnson àti Charles Phillips. Ẹlòmíì tó bá dán an wò wọ́n á pè é ní amí, wọ́n á sì bẹ́ ẹ lórí.

Agbára tí àwọn Aláṣọ Eérú ní tí ọmọ ọba méjèèjì ò ní nìyí, pé wọ́n lè la àárín ogun kọjá. Jẹ́ kó jẹ́ pé àwọn ló ń sìnkú fún ọ̀tún fún òsì. Lálẹ́, wọ́n á wọ àgọ́ yìí, wọ́n á gbé òkú, wọ́n á wọ àgọ́ kejì, wọ́n á gbé òkú, kò sẹ́ni tó máa yẹ ara wọn wò. Wọ́n á mọ iye tó kù nínú ọmọ ogun kálukú, wọ́n á mọ àgọ́ tí ìyàn ti mú. Nígbà tí wọ́n bá wá pinnu, wọn ò nílò láti jà rárá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n máa sọ sí etí ẹnì kan. Èyí á gbé ìtàn ẹ kọjá orí kẹjọ dáadáa.

Bọ̀dá Ìkẹ́rẹ́:
Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà dùn ṣùgbọ́n kí ni ọmọ ọba tó pè wọ́n rò pé òun ń ṣe? Mi ò rí ẹni tó sọ ìyẹn. Ẹni tó bá pe ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn wá bá a jà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọn ò ní lọ tí ogun bá tán. Àfọ̀njá ni kí ẹ wò. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni, kò gbọ́ ti Aláàfin mọ́, ó pe Álímì tó jẹ́ àlùfáà Mùsùlùmí wá sí Ìlọrin kó fi àdúrà ti òun lẹ́yìn, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní jàmá kó jọ, ẹ̀sìn ló so wọ́n pọ̀, wọ́n sì jà fún un lóòótọ́. Nígbà tó yá apá ẹ̀ ò ká wọn mọ́, ó fẹ́ tú wọn ká, ó ti pẹ́ jù. Ó ránṣẹ́ sí Ṣọlágberú ọ̀rẹ́ ẹ̀, ìyẹn ò dá a lóhùn. Nǹkan bí 1824 ni wọ́n pa á, wọ́n ní ọfà tó wà lára ẹ̀ pọ̀ débi pé òkú ẹ̀ kò lè ṣubú, orí ìdúró ló kú sí. Abdulsalami ọmọ Álímì ló di ẹ́míà. Mi ò fi èyí bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni o, Mùsùlùmí ni ìyá mi. Ohun tí mò ń sọ ni pé Àfọ̀njá rò pé òun yá idà ni, kò mọ̀ pé àwọn èèyàn yẹn ní ibi tí wọ́n ń lọ tiwọn.

Ọ̀rọ̀ àpáta náà, àwa tá à ń gbé nísàlẹ̀ Olósùnta mọ̀ ọ́n. Kò síbi tó o máa dúró sí nílùú tí o ò ní rí i. Nítorí náà tí wọ́n bá dáná lórí àpáta lóru, gbogbo ìlú àti àgọ́ méjèèjì ló máa rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Lò ó.

Ọmọ Ọ̀yẹ́:
Ẹ ṣé gan-an, mo ń dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo yín. Mo ti mú ti ìbúra, adé ni wọ́n búra fún. Ti ìsìnkú náà mo ti mú un, ti iná orí àpáta náà. Ṣùgbọ́n ó wá há mi sí ibì kan, tó bá jẹ́ adé ni wọ́n búra fún, tí adé ò sì sí lórí ẹnikẹ́ni, ṣé wọ́n á kàn jókòó sórí àpáta títí ìtàn á fi parí ni?

Àǹtí Ìfàkì:
Ah ah, ẹ̀yin ọkùnrin yìí ẹ ti kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé kò sẹ́ni tó dárúkọ adelé! Ṣebí ọmọ Èkìtì ni gbogbo wa. Tí ọba bá wàjà lọ́dọ̀ wa, ṣé kì í ṣe ọmọbìnrin ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe adelé, tó máa wọ agbádá, tó máa dé fìlà, tó máa kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn bí ọkùnrin, tí àwọn ìjòyè tó tó bàbá ẹ̀ á máa kí i ní kábíyèsí? Kì í ṣe ọba, kò sì lè jogún ìtẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n títí wọ́n á fi yan ẹlòmíì ọwọ́ ẹ̀ ni ilé wà. Ìwọ fi ọmọbìnrin yẹn síbẹ̀ o sì gbàgbé ẹ̀ sínú ààfin, ọmọ ọba méjèèjì nìkan lò ń tẹ̀ lé kiri.

Ọwọ́ ẹ̀ ni adé wà. Tí àwọn Aláṣọ Eérú bá búra fún adé, òun nìkan ló lè pè wọ́n sọ̀kalẹ̀ láì jẹ́ pé ìbúra bàjẹ́. Òun náà ò sì lè jẹ́ ọba láéláé, bí àwọn náà ò ṣe lè bímọ tó máa jọba. Wọ́n jọ ara wọn. Jẹ́ kí ó gun àpáta yẹn lọ fúnra ẹ̀, pẹ̀lú agbádá bàbá ẹ̀ tó tóbi jù ú lọ, tó ń ká a sókè kó má baà fi kọ́lẹ̀, kí wọ́n sì máa wò ó láti òkè.

Tíṣà Ìjerò:
Àǹtí Ìfàkì, ẹ ṣeun púpọ̀, ibi tí mo ń wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ló máa gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà ogun adé tó wáyé ní Castile ní ilẹ̀ Sípéènì láti 1475 sí 1479, Isabel lápá kan, Juana lápá kejì, ẹgbẹ́ jagunjagun onísìn tí wọ́n ń pè ní Calatrava pín sí méjì. Olórí wọn, Rodrigo Téllez Girón, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fi joyè nítorí bàbá ẹ̀, wà lẹ́yìn Juana, àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ kan náà sì wà lẹ́yìn Isabel. Ìbúra kan náà o, àgbélébùú pupa kan náà láyà wọn. Nígbà tí Isabel borí, òun àti Fernando ọkọ ẹ̀ ò jẹ́ kí ẹgbẹ́ kankan tún dá dúró bẹ́ẹ̀ mọ́, Fernando gba àkóso Calatrava lọ́dún 1487, ó gba ti ẹgbẹ́ Santiago lọ́dún 1493, ó gba ti ẹgbẹ́ Alcántara lọ́dún 1494. Wọn ò pa ẹgbẹ́ náà, wọ́n kàn fi ọba ṣe olórí ẹ̀.

Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí:
Tíṣà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tí wọ́n bá pín báyìí ẹ̀rù wọn ò ní ba ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tó ń dẹ́rù ba èèyàn nípa wọn ni pé ohùn kan ni wọ́n.

Tíṣà Ìjerò:
Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù máa tóbi, àbúrò. Àwọn tó ń sìnkú fún gbogbo ìlú, ta ló máa sin tiwọn nígbà tí wọ́n bá pa ara wọn?

Ọmọ Ọ̀yẹ́:
Ara mi bù màṣọ̀! Ó ti yé mi. Adelé á gun àpáta ní orí kẹfà, ìdajì á bá a sọ̀kalẹ̀, ìdajì tó kù tí olórí wọn ti bá ọmọ ọba àgbà ṣàdéhùn lórí ẹnubodè á dúró sókè, wọ́n á sì dáná. Ọmọ tó fi ahọ́n kan àdá ní orí kìíní ti dàgbà nígbà yẹn, mo fẹ́ kó wà nínú àwọn tó sọ̀kalẹ̀. Mo máa gbé e síbí tí mo bá kọ ọ́ tán.

Ìyá Ìbejì, Adó:
Ó dáa, mà á kà á. Ṣùgbọ́n kí o tó bẹ̀rẹ̀, mọ iye tí ọba tó wàjà jẹ wọ́n, kí o mọ ẹni tí ìwé gbèsè náà wà lọ́wọ́ ẹ̀, bóyá àwọn tó dúró sókè ni àbí àwọn tó sọ̀kalẹ̀.