Lórí àbá "ìyára ìsinsìnyí"

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́ o.

Mo rí àbá ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ọ̀yọ́, pé ká máa pe nọ́ńbà "cpu MHz", tó ń sọ bí pròsẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ṣe ń sáré tó, tí Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) ń kọ sínú fáìlì /proc/cpuinfo, ní "ìyára ìsinsìnyí". Mo mọ̀ pé ará Ọ̀yọ́ á ní àwọn ló ni Yorùbá, n ò sì bá wọn jà lórí "ìyára". "Ìsinsìnyí" yẹn ni ò bá mi lára mu.

Kò síbi tí ìyára ìsinsìnyí jókòó sí nínú pròsẹ́sọ̀ òde òní. Òǹkà méjì ló wà nínú ti Intel àti AMD. APERF ń lé sí i bí pròsẹ́sọ̀ bá ṣe ń sáré tó. MPERF ń lé ní ìwọ̀n tí kì í yí padà. Kernel, ìyẹn ọkàn Linux gan-an, á ka méjèèjì, á jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, á tún wọn kà. Á fi iye tí MPERF fi lé pín ti APERF, á fi ìyára ìpìlẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Ìpíndọ́gba ohun tó ti kọjá ni ẹ ń wò yẹn. (Ẹni tó ní ká pe kernel ní ekùrọ́ pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n rárá o.)

Bíbéèrè náà kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Kóò kan (ẹ̀ka pròsẹ́sọ̀ tó lè dá ṣiṣẹ́) kò lè ka òǹkà kóò mìíràn. Àfi kó ránṣẹ́ sí i, kí onítọ̀hún fi iṣẹ́ sílẹ̀ kà á. Bó bá ń sùn, wọ́n á jí i. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká pe irú ìpè yìí (interrupt) ní "ìdílọ́wọ́" ju "ìránṣẹ́" tí àbúrò wa kan dábàá: ìránṣẹ́ kì í fi hàn pé iṣẹ́ ẹnìkan dúró. Lórí laptop oníkóò mẹ́rin tí wọ́n ń tún ṣe ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ta ló máa mọ̀ ọ́n lára? Lórí sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn) tí kóò rẹ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ńkọ́? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, yọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kúrò kí Linux 4.14 tó jáde, torí ó ń ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lára jù. Rafael Wysocki, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ kernel, gbé e padà ní 4.15, wọ́n wá ń ránṣẹ́ sí gbogbo kóò pa pọ̀ dípò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 2022, Thomas Gleixner, tóun náà ń kọ kernel, mú ìdílọ́wọ́ náà kúrò pátápátá: kóò kọ̀ọ̀kan ń kọ tirẹ̀ sílẹ̀ bí aago kernel bá ti lù, ẹni tó béèrè á ka èyí tó wà nílẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ yẹn bá ti pẹ́ ju ìdá kan nínú ìdá 50 ìṣẹ́jú àáyá lọ, kernel á kúkú fi nọ́ńbà mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ṣé ìsinsìnyí nìyẹn? "Ìyára àkàgbẹ̀yìn" ni èmi dábàá. Ó sọ pé ẹnìkan ti kà á, kò sì búra pé bó ṣe rí nìyí títí di bí ẹ ṣe ń wò ó.

Ó ku scaling_cur_freq, fáìlì mìíràn tí Linux ń kọ ìyára sí. Lórí ẹ̀rọ tí kò ní APERF, ìyára tí kernel ní kí pròsẹ́sọ̀ máa sá ló sábà máa ń wà níbẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń sá gan-an. "Ìyára àbéèrèfún" burú lẹ́nu mi. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù ú lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́.